Apá Kì Í Ju Ìwọ̀n, Ẹsẹ̀ Ló Ń Jù Ú

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa sọ ní Aberdeen, ní ọ̀sán Sátidé kan tí òjò ò jẹ́ ká tètè jáde

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo kí yín o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìkàlẹ̀. Nígbà tí alága pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí eré Highland ti Skọ́tlándì, eré àwọn tó ń ró yẹ̀rì ju igi, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Kílíìtì ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe yẹ̀rì. Ẹ má jẹ́ kí àwọn onílẹ̀ gbọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, tó gbé igi tó ga tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dúró ṣánṣán sí èjìká, ẹ ò ní rántí ohun tó ró sídìí mọ́.

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti wà nídìí eré yìí. N kì í ṣe ọ̀gá níbẹ̀. Ipò tó ga jù tí mo tíì gbà ni ipò kẹta, àwa márùn-ún la sì díje lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n gbogbo àṣìṣe tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń ṣe pátá ni mo ti ṣe, mo tún ṣe àwọn kan lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá mi lójú. Òun ni mo gbé wá fún yín lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń jù. Òkúta wà, wọ́n ń tì í láti ọrùn. Ìwọ̀n wà, irin tó ní ṣéènì àti òrùka tí wọ́n fi ń dì í mú: ọ̀kan jẹ́ pọ́n-ùn 28, ìyẹn kìló 12.7, èkejì jẹ́ 56, ìyẹn kìló 25.4. Wọ́n ń ju méjèèjì kó lọ jìnnà, wọ́n sì tún ń ju 56 sókè kó gba orí ọ̀pá kọjá. Òòlù wà, ti kìló 7.26 àti ti nǹkan bíi kìló mẹ́wàá. Kébà sì wà, òun ni igi gbọọrọ yẹn. Àwọn obìnrin náà ń ju gbogbo rẹ̀, nǹkan tiwọn kàn fúyẹ́ sí i ni: níbi tí ọkùnrin bá ti gbé 56, obìnrin á gbé 28, níbi tí ọkùnrin bá ti gbé 28, obìnrin á gbé 14.

Ẹ lè máa bi ara yín pé kí ló dé tó fi jẹ́ 28 àti 56, tí kì í ṣe 30 àti 60. Irin òṣùwọ̀n ọjà ni wọ́n. Òun ni àwọn oníṣòwò fi ń wọn ọkà láyé ọjọ́un, nígbà tí ìwọ̀n ńlá wọn jẹ́ pọ́n-ùn 112: 56 ni ìdajì rẹ̀, 28 ni ìdajì ìdajì. Mo máa ń fojú inú wo ọjọ́ kan tí ọjà ò yá, tí ẹnì kan gbé irin yẹn tó ní, ta ló lè ju èyí dé ìdí igi ọ̀hún? Òòlù wá láti ọwọ́ alágbẹ̀dẹ, òkúta wá láti inú odò, igi wá láti inú igbó. Kò sí ìkankan tí wọ́n ṣe nítorí eré. Síbẹ̀, ẹ̀mejì ni wọ́n ti ju 56 yìí níbi ìdíje Òlíńpíìkì, ní 1904 àti ní 1920.

Àdúgbò wa níbí gan-an ni ìdí eré yìí wà. Donald Dinnie, tí wọ́n bí ní 1837 ní Birse, ìtòsí Aboyne, tó kú ní 1916, ni orúkọ tó tóbi jù nínú ìtàn rẹ̀. Tí ẹ bá wa ọkọ̀ lọ sí Potarch, létí odò Dee, ẹ óò rí òkúta méjì tó ní òrùka lórí, tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pè. Àpapọ̀ wọn jẹ́ kìló 332. Mo ti gbìyànjú láti mi èyí tó kéré nínú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí bó ṣe lọ. Ìṣòro kan ló wà nídìí òkúta wọ̀nyẹn: ẹni tó bá ti rí wọn, ó ti gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé agbára ni gbogbo eré náà, bó bá sì dé pápá, agbára ló máa ń fi ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ló kọ́ mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbé 28 lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n jù ú. Mo wo irin náà, mo ní kí lèyí? Àpò sìmẹ́ǹtì tí mo rù nílé ìkọ́lé n'Ìbàdàn nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ ni. Mo fi apá fà á, mo fi ẹ̀yìn fà á, mo tún ké "hàà" sí i. Irin náà balẹ̀ níwájú mi bí ẹni rọra gbé garawa kalẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni èjìká ọ̀tún mi fi ń dùn mí, ìyàwó mi ló ń bá mi wọ ẹ̀wù.

Bàbá náà ò rẹ́rìn-ín. Ó gba irin lọ́wọ́ mi, ó jẹ́ kó so rọ̀ bí ẹni tí kò ní eegun lápá, ó fì í lẹ́ẹ̀kan, ó yí, irin náà sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láìpariwo. Ó ju ìlọ́po méjì tèmi lọ. Ó wá bi mí pé, "Okùn ni apá rẹ. Ṣé okùn máa ń ju nǹkan ni?"

Ìgbà tí mo délé lálẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi, kànnàkànnà ló sì là mí lójú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti bá àwọn òbí yín lé ẹyẹ lóko ọkà bàbà rí, ẹ mọ̀ ọ́n: okùn méjì, awọ láàárín, òkúta nínú awọ. Kò sẹ́ni tó ń fi okùn ti òkúta. O máa fì í, òkúta á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo sí ọ lọ́wọ́, ara rẹ ló ń yí i, okùn kàn ń mú un dání ni. Tó bá tó àkókò, o jọ̀wọ́ ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀. Ọmọdé tó bá kánjú, òkúta rẹ̀ á balẹ̀ síwájú ara rẹ̀, ẹyẹ á sì máa jẹun lọ. Ìwọ̀n jíjù kò yàtọ̀ síyẹn.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó má ì tíì yí rárá. Kó dúró lójú kan. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń sọ̀rọ̀, ẹni tó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì kó dojú rẹ̀ dé. Fi ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ kọjú sí ibi tó o fẹ́ jù ú sí, ya ẹsẹ̀ ju ìwọ̀n èjìká lọ díẹ̀, kó o sì tẹ orúnkún. Fì í lọ sósì, kó o jẹ́ kó padà sọ́tùn-ún, kó lọ jìnnà sẹ́yìn rẹ. Nígbà tó bá dé ibi tó jìnnà jù, ibẹ̀ ni gbogbo ara rẹ á ti máa sọ fún ọ pé fà á. Má fà á. Fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún yí mọ́lẹ̀ bí ẹni ń tẹ aáyán pa. Orúnkún á tẹ̀ lé e, ìbàdí á tẹ̀ lé orúnkún, àyà á tẹ̀ lé ìbàdí, apá ni yóò kẹ́yìn gbogbo wọn dé. Ẹsẹ̀ òsì á dúró gbọnyin bí òpó. Irin á gòkè kọjá ojú rẹ, wàá sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, bó bá jẹ́ itan àti ẹ̀gbẹ́ ìkùn ló ń dùn ọ́, o ṣe é dáadáa. Bó bá jẹ́ èjìká ni, apá lo fi jù ú.

Oṣù kan gbáko ni mo fi ṣe èyí, ó sì sú mi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yíyí dé. Ibi tí wọ́n fún ẹni tó ń ju ìwọ̀n láti yí kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án lọ ní gígùn. Pákó nípọn kan wà níwájú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tírìgì, bó o bá sì fẹsẹ̀ kan orí rẹ̀ tàbí tó o kọjá rẹ̀, wọn ò ní ka ìjù náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ọ̀gá ń yí níbẹ̀ kí wọ́n tó jù ú. Kí olùbẹ̀rẹ̀ fi ẹyọ kan bẹ̀rẹ̀, lọ́wọ́ òfo. Fa ìlà sórí kọnkéré níwájú ilé, kó o máa yí lórí ìlà náà lọ, kó o máa wò ó bóyá ẹsẹ̀ rẹ yà kúrò lórí rẹ̀. Òòyì á kọ́ ọ. Ó kọ́ èmi náà, mo di ọgbà aládùúgbò mú lẹ́ẹ̀kan, obìnrin náà sì bi mí bóyá kí òun pe ọkọ̀ àwọn aláìsàn. Ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà kó tó lọ.

Nígbà tó o bá wá mú irin dání, rántí bí a ṣe ń fa omi nínú kànga: ìdí á jókòó sẹ́yìn díẹ̀, apá á nà, ara á sì dúró láti dojú kọ ìwúwo náà. Bẹ́ẹ̀ ni kó rí ní gbogbo ìgbà tó o bá ń yí. Irin ń fà ọ́ lọ síta, ìwọ ń fi ìdí fà á padà. Bí apá bá ká pẹ́rẹ́, ọ̀nà tí irin ń rìn ti kúrú, eré rẹ̀ sì ti kú. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù, tí mo ṣì ń ṣe títí di òní, ni pé a máa ń sáré yí àkọ́kọ́. Ẹ rọra yí àkọ́kọ́, bí ẹni ń wá nǹkan tó bọ́ sílẹ̀. Ìkejì ni kẹ́ ẹ sáré yí. Ẹni tó bá sáré yí àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti ṣáájú irin tàbí kí irin ti ṣáájú ẹsẹ̀, wọn ò sì ní bá ara wọn pàdé mọ́ títí yóò fi jù ú.

Òkúta kò gbà wá lákòókò púpọ̀. Ìpìlẹ̀ àwọn ìka ni kó jókòó sí, kì í ṣe àárín àtẹ́lẹwọ́, kó fara ti ọrùn lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ìgúnpá gòkè. Ẹni tó bá ti ju irin róbótó (shot put) nílé ẹ̀kọ́ rí ti mọ ìdajì rẹ̀. Òkúta odò kì í rí róbótó bí irin, ti pápá kan kì í sì í rí bíi ti pápá kejì, torí náà, kó o tó dé ìlà, gbé e, yí i lọ́wọ́, wá ibi tó fẹ̀ tó lè jókòó jẹ́ẹ́. Òkúta ti Braemar, abúlé kan tí wọ́n ti ń ṣe eré yìí, ò gba kéèyàn sáré rárá, ìdúró lójú kan ni wọ́n ti ń tì í, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún olùbẹ̀rẹ̀, torí kò sí ibi tí àṣìṣe lè sá pamọ́ sí.

Òòlù ń bani lẹ́rù ju bó ṣe le lọ. Ẹni tó ti wo ti Òlíńpíìkì máa ń rò pé a óò máa yípo nínú àmì róbótó tí wọ́n fà sílẹ̀. Rárá o. Ti Skọ́tlándì, ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ kúrò lójú kan. Bàtà wọn ní irin pẹlẹbẹ bí ọ̀bẹ tó yọ síta níwájú, wọ́n á gún un wọ inú ilẹ̀, wọ́n á kẹ́yìn sí ibi tí wọ́n fẹ́ jù ú sí, wọ́n á wá máa fì òòlù yí orí ká, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, kí wọ́n tó jọ̀wọ́ rẹ̀ gba orí èjìká òsì. Gbogbo wa la ti fi garawa omi yípo rí lọ́mọdé, tí omi ò sì dà. Ẹ rántí ohun tó ń mú kó dà: bí apá bá ká, tàbí tí ọwọ́ bá rọ̀ lójijì. Níwájú rẹ, apá á nà tán. Ibi tí òòlù ti máa lọ sílẹ̀ jù, ọ̀tún rẹ ni kó wà, kì í ṣe ọ̀gangan iwájú. Bó bá jẹ́ iwájú ni, òsì ni yóò fò lọ, ibẹ̀ sì ni àwọn èèyàn máa ń dúró sí láti ya fọ́tò.

Ti 56 orí ọ̀pá, ìtàn kan péré ni mo fẹ́ fi sọ ọ́. O máa kẹ́yìn sí ọ̀pá, o máa fi ọwọ́ kan fì í sáàárín ẹsẹ̀, wàá tẹ orúnkún, wàá sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì ta ilẹ̀ nù bí ẹni fẹ́ fò, irin á gba iwájú ojú rẹ kọjá, á sì gba orí rẹ lọ sẹ́yìn. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ó lọ sókè rekete. Inú mi dùn. Mo dúró, mo gbójú sókè, mò ń wò ó bí ẹni ń wo bàálù. Ẹnì kan fà mí lẹ́wù látẹ̀yìn, irin kìló 25 yẹn sì balẹ̀ gbì síbi tí ẹsẹ̀ mi wà tẹ́lẹ̀. Ihò tó dá sórí koríko yẹn, mo ya fọ́tò rẹ̀, ó ṣì wà lórí fóònù mi. Bó o bá ti jù ú tán, rìn síwájú. Àwọn tó ń wòran á sọ fún ọ bóyá ó kọjá.

Ó ku kébà, mo sì mọ̀ pé òun lẹ wá gbọ́. Èdè Gaelic ni orúkọ náà ti wá, cabar, ìtumọ̀ rẹ̀ ò ju igi tàbí ìtí igi lọ. Ti Braemar tó gbajúmọ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 19 àti ínǹṣì mẹ́sàn-án, ó sì wúwo tó kìló 60. Ohun àkọ́kọ́ tí kò yé àwọn èèyàn ni pé kò sẹ́ni tó ń wọn bó ṣe jìnnà tó. Bó ṣe ṣubú ni wọ́n ń wò. Orí tó nípọn, tó wà lókè, ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kanlẹ̀, kí ìdí tó tín-ín-rín, tó wà lọ́wọ́ rẹ, wá gòkè, kó sì ṣubú sí ọ̀hún. Adájọ́ tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ á wò ó bí ọwọ́ aago: bó bá nà tààrà síwájú rẹ, aago méjìlá ni, òun ló dára jù. Bó bá yà díẹ̀, ó lè jẹ́ mọ́kànlá tàbí ọ̀kan. Igi kékeré tó dé aago méjìlá ṣe wẹ́kú, ó sàn fún olùbẹ̀rẹ̀ ju igi ńlá tí kò yí lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni bàbá yẹn ò jẹ́ kí n jù ú rárá. Gbígbé nìkan la ń ṣe. Wọ́n á bá ọ gbé igi dúró, ìdí tín-ín-rín nílẹ̀. O máa lóṣòó, wàá ki àwọn ìka méjèèjì bọ ara wọn yí igi ká, wàá fi èjìká àti ẹ̀gbẹ́ ọrùn tì í, wàá rọra fi ọwọ́ rìn ín lọ sísàlẹ̀ títí tí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ á fi kan koríko. Lẹ́yìn náà, wàá ta á sókè díẹ̀, wàá sì yára ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ìdí rẹ̀. Ìgbà yìí lo tó dìde. Orí igi náà jìnnà sí ọ lókè, afẹ́fẹ́ ń mì í, èèpo rẹ̀ ń ha ọ́ létí. Ẹ̀rù á bà ọ́.

Ìyá mi ni mo máa ń rántí níbẹ̀. Agbọ̀n tòmátì lórí rẹ̀ láti oko, ọwọ́ méjèèjì ń tú owó kà, ọrùn ò yẹ̀. Bí mo bá bi í lọ́mọdé pé báwo ló ṣe ń ṣe é, á ní òun kì í wá ẹrù, ẹsẹ̀ òun ló ń wá abẹ́ ẹrù. Bẹ́ẹ̀ náà ni kébà. Bí orí igi bá yẹ̀ sọ́tùn-ún, má fi ọwọ́ fà á padà, gbé ẹsẹ̀ lọ sọ́tùn-ún, kó o lọ wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá sì ti kọjá agbára rẹ, jọ̀wọ́ rẹ̀, kó o kúrò níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gba ẹ̀bùn torí pé igi wó lù ú.

Nígbà tí wọ́n wá jẹ́ kí n sáré, mo rò pé bí mo bá ṣe sáré tó ni yóò ṣe yí tó. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Eré díẹ̀ ló ń fẹ́, kí orí igi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ síwájú. Lẹ́yìn náà, wàá dúró gbagidi. Ìwọ dúró, igi ò dúró, orí rẹ̀ ń lọ. Dúró dè é. Mo mọ̀ pé ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni, ṣùgbọ́n kò sí ìṣẹ́jú àáyá tó gùn tó o láyé yìí. Bó o bá fà á kó tó tẹ̀, yóò gòkè ṣánṣán, yóò sì padà sọ́dọ̀ rẹ. Bó bá ti tẹ̀ dáadáa, fi orúnkún lọ sílẹ̀, fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀, kó o sì fa ọwọ́ méjèèjì gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ sókè. Ọjọ́ tí tèmi kọ́kọ́ yí, mi ò rí i. Ojú mi dì. Ìró rẹ̀ ni mo gbọ́, àti ohùn bàbá yẹn tó ní, "Mọ́kànlá àbọ̀." Kò fi nǹkan kan kún un.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń lọ sí jíìmù, mo rí yín, mo rí bí ẹ̀wù ṣe há lọ́rùn apá. Gbígbé irin lórí àyà ò ní ràn yín lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Gbígbé irin sọ́rùn kẹ́ ẹ lóṣòó kẹ́ ẹ dìde, gbígbé irin ńlá kúrò nílẹ̀, àti fífi ọwọ́ kan ru nǹkan wúwo rìn, àwọn ló wúlò. Geoff Capes, ọlọ́pàá ará Ẹńgílándì tó ti irin róbótó dé mítà 21.68 ní 1980, gba ipò kìn-ín-ní àgbáyé nínú eré Highland yìí lẹ́ẹ̀mẹfà lẹ́yìn náà. Ara rẹ̀ tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ló ti fi kọ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń ti irin kó tó ró kílíìtì. Èmi ń ju nǹkan lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, ogún ìjù péré lọ́jọ́ kan, mo sì ń dúró nígbà tí ẹsẹ̀ bá rẹ̀, kì í ṣe nígbà tí apá bá rẹ̀. Kí ẹnì kan máa fi fóònù ká yín sílẹ̀ látẹ̀gbẹ́. Ohun tí ara rò pé òun ṣe àti ohun tó ṣe, wọn kì í dọ́gba.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ wòran kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹjọ ni ti Aboyne, Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án ni ti Braemar, tí àwọn ọba ti ń wá láti ìgbà Ọbabìnrin Victoria ní 1848. Ẹ má wo ọwọ́ àwọn tó ń jù ú. Ẹsẹ̀ wọn ni kẹ́ ẹ máa wò. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n ní ìdíje tó jẹ́ ti ọmọ àdúgbò nìkan, ó rọrùn fún olùbẹ̀rẹ̀ ju èyí tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé.

Ìyá Ìbejì bi mí kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ bóyá ẹni tó ti lé lógójì ọdún, tí kò gbé ju ọmọ lọ rí, lè bẹ̀rẹ̀. Mà, ìbejì lẹ gbé, ẹ ti ń fi ìdí jókòó sẹ́yìn fún ìwúwo látọjọ́ yìí. Òjò ti dá. Irin 28 méjì àti 14 kan wà lẹ́yìn ọkọ̀ mi. Ẹni tí bàtà rẹ̀ bá lè wọ ẹrẹ̀, kó tẹ̀ lé mi jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ dúró wòran, ẹ̀yìn wa pátápátá ni o, ẹ má sì dúró sápá òsì.